Pàtẹ́wọ́ Tó Kéré Lójú Ọ̀gágun

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lásìkò tí ọ̀dá ti mú kí odò fà, ni Bàbá Pàtẹ́wọ́ kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn náà. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu aláhesọ. Ẹnu ẹni tó ni ín ló ti gbọ́ ọ: Ọ̀gágun fúnra rẹ̀, tó dúró lórí pèpéle gbọ̀ngàn ìlú nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ológun, tí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ń gbẹ lọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, tó ń fi ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìlú sọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán dánra wò.

"Kí ọjọ́ Àìkú tó pé," Ọ̀gágun kà á, "mi ò fẹ́ kí ẹyọ ẹnì kan ṣẹ́ kù láàyè ní òdìkejì odò, àgbà àti ọmọdé!"

Ó gbójú sókè kúrò lára bébà.

"Ibo ni wọ́n ti máa pàtẹ́wọ́ níbẹ̀?"

Bàbá Pàtẹ́wọ́ ti kọ gbólóhùn náà sínú ìwé rẹ̀, ó sì ń fi bírò tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dánu dúró níbi 'òdìkejì odò'. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, 'àgbà àti ọmọdé' á wá bọ́ sínú ariwo, kò ní ṣeé gbọ́. Ẹ kà á dópin. Ẹ wá gbọ́wọ́ sókè. Ibẹ̀ ni màá ti ju áńkáṣíìfù sí wọn."

"Ìjókòó àbí ìdúró?"

"Ìdúró ni, sà. Pẹ̀lú ariwo."

"O láròjinlẹ̀," ni Ọ̀gágun wí, ó sì padà sídìí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí bàbá yìí ṣe. Wọ́n ka ikú odindi ìlú kan sí i létí, àtúnṣe kan ṣoṣo tó rí ṣe sí i ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti mí. Ìgbà tó pa ìwé dé, tó fi bírò há etí, ló tó rántí pé òdìkejì odò ni ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ńlá nìyẹn, ẹnu lásán ni. Ṣebí ní ọdún tó kọjá, Ọ̀gágun yìí kan náà ló ní òun máa gbẹ́ òkun, kí àwọn èèyàn òun lè rí ilẹ̀ kọ́lé sí? Òkun ṣì wà níbi tó wà. Bàbá Pàtẹ́wọ́ ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Irinwó àga ni gbọ̀ngàn náà ń gbà, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan wọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí Ọ̀gágun í ṣe. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, akọ̀wé kékeré ni ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ajá sílẹ̀. Òun ló ń so nọ́ńbà mọ́ ajá lọ́rùn, àwọn ajá kan sì wà tí wọn kò gbà fún un. Nígbà tí ìjọba tú ká, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń pàṣẹ mọ́, ó kó ọgọ́rùn-ún ọkùnrin jọ, ó fún wọn níbọn, ó pè wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ Ilẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ joyè. Oyè àkọ́kọ́ ni Ọ̀gágun. Ìkejì ni Olùgbèjà Ilẹ̀. Ìkẹta ni Baba Àwọn Aláìníbaba. Nígbà tó jẹ oyè kẹta yìí, àwọn aláìníbaba ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló ṣètò bí wọ́n ṣe pọ̀, kí oyè náà má baà jẹ́ oyè lásán.

Ó pẹ́ dé ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì í, ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n fa aago gbọ̀ngàn sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ náà kò pẹ́ mọ́. Ìlú ló ń tètè dé. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ga ju òun lọ kò gbọdọ̀ dúró láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí òun, torí náà kúkúrú ni gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Bí ewu bá ń bọ̀, wọ́n á na ọrùn títí, wọn ò ní rí i. Láràárọ̀ ni dókítà ìlú máa ń gbé etí lé e láyà, tí yóò jáde sí àwọn tó ń dúró níta, tí yóò sì kéde pé, "Ọkàn Ọ̀gágun ń lù kíkankíkan ju ti àná lọ!" Àwọn èèyàn á dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó bi dókítà bóyá ohun rere nìyẹn.

Ṣùgbọ́n pàtẹ́wọ́ lohun tó gbádùn ju oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi wá Bàbá Pàtẹ́wọ́ kàn. Káfíńtà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, òun sì ni olùtọ́jú gbọ̀ngàn. Ogójì ọdún tó ti ń fá pákó ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di pákó fúnra rẹ̀; bó bá pa wọ́n pọ̀, ẹni tó ń sùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn á jí. Ọ̀gágun gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ta nìyẹn?" Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Pàtẹ́wọ́ ti di Olùdarí Àgbà fún Ìpàtẹ́wọ́ àti Ìdùnnú Gbogbogbò, pẹ̀lú tábìlì àti fìlà.

Bàbá olóríkunkun ni. Nígbà tó rí i pé òun ò lè darí pàtẹ́wọ́ láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó fi agbára kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó wá ra ìwé ńlá kan. Inú rẹ̀ ló ń kọ gbogbo gbólóhùn Ọ̀gágun sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, irú pàtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé e, ìjókòó tàbí ìdúró, iye ìgbà tí ọwọ́ pàdé ọwọ́, ariwo bó bá wà, àní ikọ́ pàápàá. Bó ṣe máa ń wọn pákó, kó tó gé e, ló ṣe ń wọn ìdùnnú ìlú. Kò fi ẹyọ kan kún un rí, kò sì yọ ẹyọ kan rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gágun máa ń ka ìwé náà, tí yóò buwọ́ lù ú, tí yóò sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà sábẹ́ rẹ̀: "Mo ti rí i. Ó kéré."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn lu, ìyẹn aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ oòrùn. Irinwó àga kún. Ọ̀gágun sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó wá kan àwọn ará òdìkejì odò. Ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn gba ọ̀nà ibòmíràn wá, ìyẹn sì ti lé ní igba ọdún. Ọ̀gágun ní àwọn ló fa ọ̀dá, àwọn ló rán kòkòrò sí àgbàdo, àwọn náà ni kò jẹ́ kí tíì òun dùn mọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ gbólóhùn náà. Kò dánu dúró láàárín. Ó kà á dópin, ó gbọ́wọ́ sókè.

Bàbá Pàtẹ́wọ́ ju áńkáṣíìfù.

Kò sẹ́ni tó dìde. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbọ̀ngàn lẹ́nu. Bàbá Pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, pò, pò, pò, àwọn èèyàn sì gbè é lẹ́yìn láti orí ìjókòó, bí ẹni tó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Ó kà á. Ogún ni. Ó jókòó, ó kọ ogún. Ọ̀gágun kò rí i, torí ó ti dijú láti gbádùn ara rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ yẹn kò ráyè ka ìwé. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni Ẹ̀ṣọ́ Ilẹ̀ ti gba gbogbo ọkọ̀ ojú omi, tí Ọ̀gágun wọ èyí tó síwájú, tí wọ́n sì sọdá.

Ohun tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. A ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Agbára Ọ̀gágun kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọba tuntun dé, Ọ̀gágun náà sá kọjá ẹnu ibodè, ó fi gèlè wérí, ó lọ fara pa mọ́ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Bó bá jókòó jẹ́jẹ́ níbẹ̀ ni, ì bá ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n nínú yàrá náà, níbi tí kò ti ní ọmọ ogun kankan ju aáyán lọ, ó fi ara rẹ̀ joyè kẹrin, ó di Ọ̀gágun Àgbà Pátápátá. Oyè tuntun gbọ́dọ̀ ní aṣọ tuntun. Ó ránṣẹ́ pe télọ̀. Télọ̀ bi í pé báwo ni àmì èjìká ṣe máa pọ̀ tó, ó ní kó tẹ́ ẹ títí tí kò fi ní sí àyè mọ́. Télọ̀ ní òun ń lọ ra òwú, ó sì gba ilé ọlọ́pàá lọ ra á. Nígbà tí ọlọ́pàá já wọlé, Ọ̀gágun ti na apá méjèèjì sókè kí wọ́n lè wọn abẹ́ apá rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kò tilẹ̀ jà, pé òun fúnra rẹ̀ ló ti nawọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọ̀gágun ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé e wá sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀: pípa ẹ̀yà kan run. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó; obìnrin kan tó wọ awò ojú ni olórí wọn, tí kì í gbóhùn sókè, tí kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Lọ́yà Ọ̀gágun, ọkùnrin kan tó máa ń nu ètè kó tó sọ̀rọ̀, kò sọ pé wọn ò pa èèyàn. Ohun tó sọ ni pé oníbàárà òun kọ́ ló pàṣẹ.

"Olúwa mi," ló wí, "ta ni ẹ ń wò yìí? Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan, tó fẹ́ràn aṣọ. Wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ bí àwòrán ni. Igbákejì rẹ̀ ló ń pàṣẹ gbogbo, igbákejì náà sì ti kú. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó gbọ́ àṣẹ ìpànìyàn lẹ́nu oníbàárà mi, kó jáde wá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni akọ̀wé, ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà. Ó ní òun ò rántí ohunkóhun, pé nígbà tí òun bá ń tẹ̀wé, ìka òun nìkan ló máa ń mọ ohun tó ń tẹ̀. Dókítà ní òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyà Ọ̀gágun lòun ń gbọ́, òun ò gbọ́ ẹnu rẹ̀. Olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ kúkúrú ní ẹ̀yìn tábìlì lòun wà, òun ò rí nǹkan kan. Adájọ́ ní, "Ìgbọ́ là ń bi ọ́, kì í ṣe ìrí." Ó ní, "Olúwa mi, bí mi ò bá ríran, n kì í gbọ́ràn." Irinwó èèyàn ló jókòó sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ẹnu wọn, ẹ ó rò pé irinwó àga lásán ni Ọ̀gágun bá sọ̀rọ̀.

Ìjókòó iwájú ní ilé ẹjọ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Pàtẹ́wọ́ máa ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìhà ibí ti odò. Ìdí nìyẹn tí òun nìkan fi yè nínú ilé wọn. Ìyá Ọṣẹ ni bàbá náà ń pè é, torí bó bá wọlé, òórùn ọṣẹ á ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá gbé aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀, tí yóò sì dá èyí tó mọ́ padà. Òun nìkan ló kù tó ń wọlé bàbá náà; àwọn aládùúgbò kì í kí i.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gbé àpò aṣọ kalẹ̀, kò sì jókòó.

"Bàbá, wọ́n máa tú u sílẹ̀."

"Ta ni?"

"Ta ni wọ́n tún fẹ́ tú sílẹ̀? Lọ́jọ́ Ẹtì. Adájọ́ ní bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn ò ní ká a."

Bàbá Pàtẹ́wọ́ ń tú ṣẹ́ẹ̀tì kan wò bóyá bọ́tìnnì rẹ̀ pé.

"Bàbá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ìyá Ọṣẹ, mo ti darúgbó."

"Mi ò béèrè ọjọ́ orí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ bí mo bá fi ṣíbí kan ìkòkò! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ nípa màmá mi, àbí ẹ ò gbọ́?"

Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. Mo tún kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà jókòó wálẹ̀ gbì. Ọdún kẹta rèé tó ti ń fọ aṣọ bàbá yìí, kò mọ̀ pé ìwé náà wà. Ó wà nínú àpótí ìfági rẹ̀. Bàbá náà fa á yọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nawọ́ sí i, ó gbé e mọ́ àyà.

"Má kà á. Màá lọ. Èmi fúnra mi ni màá kà á níbẹ̀."

"Kí ló dé tí mi ò lè kà á?"

"Torí mo ní kó o má kà á."

"Ẹ mà lóríkunkun o, Bàbá," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín nílé yẹn.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá Pàtẹ́wọ́ jókòó ti ìwé náà. Ìrònú rẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gágun rárá. Ohun tí Ọ̀gágun sọ ní aago mẹ́ta ọ̀sán wà lẹ́yìn ewé kan. Iwájú ewé kan náà ni ìdánrawò wà, pẹ̀lú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbàgàdà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bó bá fún wọn ní ẹ̀yìn, ó ti fún wọn ní iwájú. Ìyá Ọṣẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti gbọ́ láti àárọ̀. Bó bá mọ̀, ta ni yóò tún máa wọlé? Ó wo ọ̀bẹ ìgépákó rẹ̀ títí. Ó mọ̀ pé bí òun bá gé e, wọ́n á rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e, wọn ò sì ní gba ìyókù gbọ́. Ó tún mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun lọ. Ó dá ọ̀bẹ padà sínú àpótí.

Lọ́jọ́bọ̀ ó dúró níwájú àwọn adájọ́, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Ọṣẹ lọ̀ fún un. Ọ̀gágun rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ọjọ́ pẹ́ tó ti rí ẹni tó mọyì rẹ̀.

Bàbá náà fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó kà á bó ṣe máa ń kà á, díẹ̀díẹ̀, ní ohùn rara:

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìdánrawò. Gbólóhùn kẹtàdínlógún." Ó ka gbólóhùn náà. Ó ka ìyókù: "Olùdarí Ìpàtẹ́wọ́ dá a lábàá pé kí Ọ̀gágun má dánu dúró láàárín. Ọ̀gágun gbà."

Kò wo ìjókòó iwájú. Ó ṣí ewé.

"Ọjọ́ kan náà. Ọ̀sán. Gbólóhùn kẹtàdínlógún."

Ó tún un kà. Lọ́yà ti nu ètè, ó ti dìde.

"Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́ ìwé kíkà?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun ni mo fi kọ́ ọ. Ohun kan náà ló ń sọ lójoojúmọ́, kò ṣòro mọ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gágun náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n yìn ín.

"Gbogbo ewé ìwé yìí," ni lọ́yà wí, "ni wọ́n buwọ́ lù. Èyí nìkan ni kò ní ìbuwọ́lù. Kí ló fà á?"

"Ọ̀gágun kò sí nílé lọ́sẹ̀ náà."

"Ibo ló wà?"

"Òdìkejì odò."

Lọ́yà sáré gbé ohùn sókè. "Olúwa mi, ayédèrú ni! Bàbá yìí ló jókòó sílé rẹ̀ tó kọ ọ́. Ìlú ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, oníbàárà mi ò sì sọ ọ́ rí. Ẹ ju ewé yìí nù."

Olórí adájọ́ ti awò rẹ̀ sókè. Ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un pé ewé tí kò ní ìbuwọ́lù kò lè gbé ẹjọ́ ńlá báyìí dúró. "Bàbá," ó ní, "ẹ kà á tán, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Bàbá Pàtẹ́wọ́ fi ìka wá ìlà tó kù.

"Irú pàtẹ́wọ́: ìjókòó. Iye: ogún. Ariwo: kò sí. Ikọ́: mẹ́rin."

"Ogún kẹ̀?"

Ọ̀gágun ló fọhùn. Ó ti dìde.

"Ẹ jókòó, sà," ni lọ́yà wí lábẹ́ ẹnu, ó dì í ní ẹ̀wù mú.

"Fi ẹ̀wù mi sílẹ̀! Ogún kẹ̀? Ìjókòó? Fún èmi? Bàbá yìí, ojú ẹ fọ́ lọ́jọ́ náà ni? Ọgọ́ta ni! Wọ́n dìde! Àwọn obìnrin ń sunkún ayọ̀!"

"Ọ̀gágun," ni olórí adájọ́ wí jẹ́jẹ́, "lórí gbólóhùn wo?"

"Gbólóhùn mi! Kẹtàdínlógún! Òun ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀!"

"Lọ́yà yín sọ pé ẹ ò sọ ọ́."

"Kí ni lọ́yà mọ̀? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó ní igbákejì yín ló ń pàṣẹ."

"Igbákejì mi!" Ọ̀gágun gbá tábìlì. "Ẹni tí kò lè pàṣẹ fún ewúrẹ́! Bí mo bá ní kó dúró, á béèrè pé ẹsẹ̀ wo. Òun ni yóò wá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo kó wọn sọdá láti lọ mú un ṣẹ, inú ọkọ̀ tó síwájú ni mo sì wà!"

Lọ́yà fi fáìlì bo ojú.

Obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sílẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọwọ́ òun ò lè bá eré wọn mọ́, ṣé Ọ̀gágun lè tún gbólóhùn náà sọ díẹ̀díẹ̀. Orí Ọ̀gágun wú. Ó to kọ́là rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, láìdánu dúró láàárín, ó dé 'àgbà àti ọmọdé', ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń retí. Ilé ẹjọ́ dákẹ́. Ó yíjú sí Bàbá Pàtẹ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ pé, kí lò ń dúró dè? Bàbá Pàtẹ́wọ́ ti pa ìwé dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún Ọ̀gágun lọ́sẹ̀ kejì. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kò bá wọn jà lórí ẹ̀wọ̀n. Iye pàtẹ́wọ́ ló pe ẹjọ́ lé lórí. Ó ní kí wọ́n pa ogún rẹ́, kí wọ́n kọ ọgọ́ta, kí wọ́n sì yọ ikọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ilé ẹjọ́ gíga ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé àwọn ṣì í kà. Wọ́n dá a padà.

Wọ́n sọ fún Bàbá Pàtẹ́wọ́ pé fáìlì ẹ̀sùn tirẹ̀ náà ti ṣí, kó má rìn jìnnà sílé. Ó ní òun gbọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ tó jẹ́rìí yẹn, nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́, Ìyá Ọṣẹ ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wákàtí wákàtí lọkọ̀ máa ń sọdá. Mélòó ló sọdá kó tó di pé Ẹ̀ṣọ́ Ilẹ̀ gbà wọ́n?"

"Méje."

"Ẹ kà wọ́n?"

"Mo gbọ́ fèrè wọn."

Obìnrin náà rí ẹnu bàbá náà tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì gbọ́wọ́ sókè kó má sọ ọ́.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kà á," ló wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa fọ aṣọ yín."

Ó rìn lọ. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí símẹ́ńtì títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣẹ́ kọ́nà. Bàbá Pàtẹ́wọ́ kò pè é.

Iye tí ilé ẹjọ́ kà nígbà tí wọ́n dájọ́ nìyí. Èèyàn: ẹgbẹ̀rún méjì, igba àti mọ́kànlá. Nínú wọn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá: ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rin. Ilé: ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì. Ilé ìwé: méjì. Ilé ìgbẹ̀bí: ọ̀kan. Nínú ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá Pàtẹ́wọ́: ìyá, bàbá, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin kan. Márùn-ún.